Ẹ̀ẹ̀mẹta Tí Sakaria Bẹ̀ Mí

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ orúkọ àbúrò mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àrólé oko wa, inú ilé adìyẹ ni mo wà. Mò ń gún àwọn òròmọdìyẹ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ́ kún apá mi dé ìgúnpá. Láti ibẹ̀ dé ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ abúlé kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Bẹ́ẹ̀ èmi ni àkọ́bí.

Lábúlé wa, oko kì í pín. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe fún wa, bẹ́ẹ̀ sì ni a ṣe gbà á. Bí ènìyàn bí ọmọ mẹ́wàá, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jogún ilé, ilẹ̀ àti omi tí a fi ń bomi rin ín. Bàbá yóò dárúkọ ẹni náà níwájú ìgbìmọ̀, wọn yóò fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù, kí wọ́n wá ọ̀nà wọn lọ. Nítorí náà, nígbà tí Guriji, akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó tún jẹ́ olórí sínágọ́gù wa, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó ní, "Nahumu, ẹ kú oríire ilé yín o, Sakaria ti di àrólé," mo kọ́kọ́ rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí títí di òní ju ọ̀rọ̀ tó sọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi dùn mí.

Nígbà tí a dé sí ilẹ̀ àwa Júù láti Zakho, ìlú òkèèrè tí a ti ṣí wá, inú àgọ́ aláṣọ ni a gbé ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀gá tó kó wa sọ pé ìlú ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jerusalẹmu ni à ń lọ. Orí òkè olókùúta ló já wa sí. Ìyá mi kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú Sakaria lẹ́yìn rẹ̀ títí awakọ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́ pé òun náà ní ilé. Nígbà tí bàbá mi rí iye òkúta tó wà nílẹ̀, ó yọ mí kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹrin. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo ru òkúta kí Sakaria lè ru ìwé. Nígbà tó bá ń kàwé nídìí tábìlì, bàbá mi, Dawiṣi, á pa rédíò, á ní kí gbogbo wa dákẹ́. Kò sígbà kankan tí wọ́n pa rédíò nítorí tèmi.

Ní Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ ààwẹ̀ ńlá àwa Júù, ní ọdún tó ṣáájú, fèrè ogun dún nígbà tí a wà lórí àdúrà. Wọ́n pe àwa méjèèjì. Wọ́n fi èmi sídìí ọkọ̀ búrẹ́dì. Wọ́n fi Sakaria sínú ọkọ̀ ogun onírin lẹ́bàá omi Súésì. Ọkọ̀ rẹ̀ gbaná. Àwọn mẹ́ta kú sínú rẹ̀, òun nìkan ló jáde. Nígbà tó kúrò ní ilé ìwòsàn, gbogbo abúlé tò sẹ́nu geeti, àwọn obìnrin ń ké igbe ayọ̀, wọ́n ń da súwíìtì lé e lórí. Èmi ni mo wa ọkọ̀ tó gbé e wálé. Mo dúró sídìí ọkọ̀ náà, ọwọ́ mi wà lórí ìdarí. Kò sẹ́ni tó wo awakọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àrólé wá ṣẹlẹ̀. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan.

Oṣù méjì ni mi ò fi bá bàbá mi àti Sakaria sọ̀rọ̀. Inú ọgbà kan náà ni a wà: ilé bàbá mi lókè, tèmi nísàlẹ̀, ilé adìyẹ láàárín. Bí mo bá rí Sakaria tó ń bọ̀, mo máa ń yí ojú sí ògiri. Ìyàwó mi, Sabria, ní, "Bàbá Bẹhia, ẹ ó wo ògiri yìí títí á fi wó."

Mo ní, "Tó bá wó, òun ni yóò tún un mọ. Òun ló ni ín."

Báyìí ni ọdún tuntun wa ṣe wọlé, tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí Ọjọ́ Ètùtù pé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ààwẹ̀ ọjọ́ náà kò lè wẹ ohun tí ènìyàn ṣe sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bẹ ẹni tí a ṣẹ̀, níwájú ọkùnrin mẹ́ta. Bí ẹni náà bá kọ̀, kí ó tún lọ. Bí ó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹlẹ́bẹ̀ ti bọ́. Ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ náà yóò wá wọ ọrùn ẹni tó kọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ọdún, Sakaria dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú Guriji àti arúgbó méjì. Ó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń jó bí iná.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣẹ̀ yín. Mo fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mo ní, "Ṣé wọ́n so okùn mọ́ ẹ lọ́rùn fà ẹ́ lọ síbẹ̀ ni?"

"Rárá o."

"Ṣé o ò mọ̀nà ilé adìyẹ ni? Ìṣísẹ̀ mélòó ni?"

"Kò jìnnà."

"Kí ló dé tí o ò rìn ín?"

Ó wo ilẹ̀. "Ojú yín ni mo sá fún."

"Máa sá fún un lọ," ni mo wí, mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn arúgbó náà ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọn ò ní í fún wa ní tíì mu lónìí."

Ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ Ìsinmi wa, ní àgbàlá sínágọ́gù, lójú gbogbo ènìyàn. Mo kọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí ó lọ bẹ ìwé tó fọwọ́ sí. Àwọn ènìyàn mi orí. Guriji fà mí sápá kan, ó di apá mi mú.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé o, ìwọ ọmọ Dawiṣi. Ó ku ẹyọ kan. Tí o bá tún kọ̀, ọmọ náà ti bọ́, ìwọ ni wàá gbé e wọ ààwẹ̀. Orí kunkun ẹ yìí, ẹlòmíì ló máa jàǹfààní ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Guriji ṣe fẹ́. Mo rò ó délé. Sakaria ti gba ilé ìwé, ó ti gba ìyìn ogun, ó ti gba oko. Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi ni pé ó jẹ̀bi mi. Bí mo bá dárí jì í, ó ti gbà á. Bí mo bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbà á náà. Ọ̀nà kan ló kù: kí ẹ̀ẹ̀kẹta má wáyé. Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn dúró kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Tí ààwẹ̀ bá wọlé tí kò tíì rí mi, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ yóò wà.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ti gbé adìyẹ lọ sí ọjà Jerusalẹmu kí oòrùn tó yọ, mi ò sì padà títí wọ́n fi gbá ọjà. Ní ọjọ́ Ajé, mo rí wọn láti òkèèrè tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo sáré gun orí òrùlé ilé adìyẹ, mo dùbúlẹ̀ sórí páànù gbígbóná. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n ń dúró dè mí. Mo ń gbọ́ wọn kedere.

"Sakaria, ẹsẹ̀ ń dùn mí o. Ẹ̀gbọ́n ẹ ti di ológbò."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Sùúrù kẹ̀? Bí mo bá kú síbí, ọwọ́ ta ni ẹ̀jẹ̀ mi máa wà?"

Sabria jáde pẹ̀lú omi fún wọn. Ó mọ ibi tí mo wà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó dúró nísàlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Bàbá Bẹhia, ẹ ò sá fún ọta ìbọn, àbúrò yín lẹ wá ń sá fún."

"Mi ò sá. Òrùlé ni mò ń wò, bóyá ó ń jò."

"Láti oṣù kẹrin òjò ò rọ̀!"

"Ìgbà tí kò bá rọ̀ là ń wò ó."

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá jẹun. Ẹ̀yìn yín ti jinná."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò ní í sọ ibi tí mo sá pamọ́ sí. Ó ń rùn.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a máa ń pa àkùkọ kan fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí ibi tó ń bọ̀ wá bá a lè bá àkùkọ náà lọ. Bàbá mi fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ilé adìyẹ fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó bá mi sọ̀rọ̀ láti oṣù méjì.

Ó ní, "Mú àkùkọ mẹ́ta wá. Tèmi, tìẹ, ti àbúrò rẹ."

Mo mú méjì tó sanra, mo sì mú ọ̀kan tó rù, tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti re. Bàbá mi na ọ̀pá sí i.

"Ta ló ni èyí?"

"Ti àrólé."

"Fún un ní èyí tó dára."

Mo ní, "Baba, nínú ohun tó dára, èwo lẹ ò tíì fún un?"

Ó wá àpò oúnjẹ adìyẹ kan, ó jókòó lé e. Ó ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn.

"O rò pé mo fẹ́ràn ẹ̀ jù ẹ́ ni mo ṣe fún un?"

"Mi ò rò ó. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó ti gba ìwé ìrìnnà, Nahumu. Kánádà ló ń lọ. Ó ní ibikíbi tóun bá dùbúlẹ̀ sí nílẹ̀ yìí, òórùn iná ni òun ń gbọ́. Tó bá lọ, mi ò ní í fojú kan án mọ́ kí n tó kú. Mo fi oko so ó mọ́lẹ̀. Mo sọ fún un pé bí kò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wa. Irọ́ ni mo pa. Èmi náà máa bẹ̀bẹ̀ fún tèmi lónìí."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ?" Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Níbo lo fẹ́ lọ? Ewúrẹ́ la máa ń so. Ta ló ń so òkúta?"

Bóyá ìyìn ni. Mo ti rò ó láti ọdún gbọọrọ, mi ò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wá ń jowú ìwé ìrìnnà tí mi ò rí rí. Ká ní mo ti sọ lọ́jọ́ kan pé mò ń lọ, bóyá wọn ìbá so èmi náà.

Bàbá mi tún ní, "Àti pé, ilẹ̀ tó ò ń tìtorí ẹ̀ bínú yìí, lọ́jọ́ tí a dé, èso ti wà lórí ọ̀pọ̀tọ́ yẹn. O jẹ nínú ẹ̀. Ta ló gbìn ín? Àwọn tí ogun lé kúrò níbí wà nínú àgọ́ níbìkan lónìí, wọ́n ń jowú àti ìwọ àti àbúrò ẹ."

"Ṣé èmi ni mo lé wọn?"

"Mi ò ní o lé wọn. Mo ní kì í ṣe ìwọ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń bínú."

Ó dìde, ó mú àkùkọ rírù yẹn fún ara rẹ̀, ó fi èyí tó sanra sílẹ̀ fún Sakaria.

Lọ́sàn-án, àwọn ọkùnrin máa ń lọ rì sínú omi ìsun tó wà nísàlẹ̀ òkè, kí wọ́n lè wọ ààwẹ̀ ní mímọ́. Inú àpáta ni omi náà ti ń jáde, nínú ihò tí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú wa gbẹ́, ó sì ń dà sínú adágún olókùúta kan. Mo tètè lọ kí èrò tó dé. Mo ṣírò rẹ̀ pé kò sẹ́ni tí í wá bẹ ènìyàn nínú omi. Mo bọ́ aṣọ mi sórí òkúta, mo wọlé dé àyà. Omi náà tutù débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Mo rì lẹ́ẹ̀kan, mo rì lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo yọrí lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo nu omi ojú mi, àwọn arúgbó méjèèjì wà létí adágún, Sakaria dúró tì wọ́n, Guriji sì ti jókòó lórí ṣòkòtò mi.

Mo ní, "Ẹ dìde lórí ṣòkòtò mi."

Guriji ní, "Ó tutù lọ́hùn-ún, àbí? Dá ọmọ náà lóhùn, mo máa dìde."

"Ìwà àwọn jàǹdùkú lẹ hù yìí, ẹ̀yin olórí sínágọ́gù."

"Lónìí nìkan ni. Ọ̀la mo máa gbààwẹ̀ lé e lórí."

Àwọn arúgbó bú sẹ́rìn-ín. Sakaria kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ẹ̀wù alápá gígùn rẹ̀, ó bọ́ èyí tó kù, ó yíjú padà kó wọn lé òkúta, ó sì wọ inú omi wá bá mi. Láti ìgbà tó ti dé, kò bọ́ ẹ̀wù níwájú ẹnikẹ́ni. Láti èjìká dé ìdí, ẹ̀yìn rẹ̀ ti hun jọ bí awọ orí wàrà gbígbóná nígbà tí a bá fi ṣíbí fà á. Ní ibì kan, egungun ìhà rẹ̀ hàn gbangba lábẹ́ awọ náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi jowú ẹ̀yìn yẹn. Èmi náà lọ sójú ogun, mo padà wálé, ara mi dán bí ẹyin.

Ó dúró níwájú mi, omi kàn án ní àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ gba oko náà. Tí ààwẹ̀ bá ti parí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá ìgbìmọ̀, màá yọ orúkọ mi kúrò."

"Mi ò fẹ́ ẹ."

"Kí lẹ wá fẹ́?"

Mo ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n ti pè mí látinú ilé adìyẹ lọ́jọ́ náà."

Ó bu omi sí ojú rẹ̀.

"Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí ẹ wá ka ìwé mímọ́ ní sínágọ́gù, ẹ kọsẹ̀ níbì kan, mo sì fi ariwo tún un ṣe fún yín láti ìjókòó mi?"

Ṣé mo lè gbàgbé? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ojú ìwé yẹn sórí.

"Mo ní màá bẹ̀ yín kí ààwẹ̀ tó wọlé. Mo wá ní kò kánjú, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe pè wá sógun nìyẹn. Àwọn mẹ́ta jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo máa ń rò ó pé ẹ̀ṣẹ̀ yín tí mo gbé wọnú ọkọ̀ náà ló pa wọ́n. Mi ò lè gbé èyí wọ ààwẹ̀ ọ̀la, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè gbé e."

"Òmùgọ̀ ni ẹ́," ni mo wí. "Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà. Ta ló sọ fún ẹ pé Ọlọ́run ń fi ènìyàn mẹ́ta jóná torí tèmi? Ta ni mo jẹ́?"

Mi ò sọ fún un pé ní ìsàlẹ̀ ikùn mi, inú mi dùn díẹ̀. Ẹnì kan wà láyé tó rò pé ìbínú mi lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tí a bẹ̀ máa ń sọ ọ́. Bí kò bá pé mẹ́ta, kò tíì pé.

Mo ní, "Mo dárí jì ọ́."

Àwọn arúgbó mí kanlẹ̀.

Mo ní, "Mo dárí jì ọ́."

Mo sì dákẹ́. Mo fẹ́ sọ ẹ̀kẹta, mo fi Ọlọ́run búra. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n mo rántí rédíò, mo rántí ẹnu geeti níjọ́ tó dé, mo rántí ẹ̀rín tí mo bá Guriji rín, ọ̀rọ̀ náà sì padà sísàlẹ̀.

Guriji ní, "Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ó wà lọ́wọ́ ẹ kẹ̀! Ṣé ẹran ni, tó ò ń gé e? Nahumu, oòrùn ń wọ̀ o!"

Sakaria ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, bàbá. Méjì tó mi." Ó wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí mo rí eyín rẹ̀. "Láti kékeré, ẹ ò fún mi ní méjì nǹkan kan rí."

Ó mí kanlẹ̀, ó fi orí bọ omi, ó rì, ó sì pẹ́ nísàlẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo na ọwọ́ láti fà á. Kí n tó kàn án, ó ti jáde.

A gun òkè náà lọ jẹ oúnjẹ ìkẹyìn kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bàbá mi ti jókòó, ìjókòó ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, ó ń dúró de Sakaria. Sakaria dúró, ó ń wojú mi. Èmi ni mo lọ jókòó sí ọ̀tún náà. Ọbẹ̀ kíkan Sabria ti tutù, mo sì lá a mọ́ inú àwo.

Sakaria kò lọ sí Kánádà. Òun ló ni oko náà lórí ìwé. Àwa méjèèjì là ń ṣe é. Ní ọdún kejì, nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá náà tún pé, ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú àwọn arúgbó rẹ̀ láti gba ẹ̀kẹta.

Mo ní kí ó jókòó, kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀.